ÀTILỌ SÍ MẸ́KÀ KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ OWÓ NÌKAN

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kò rọrùn fún mi láti sọ, nítorí ọwọ́ èmi náà kò mọ́ tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà Mẹ́kà lọ́wọ́ mi, bí mo bá sì pa ẹnu mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ní ọdún 2024, ìyá kan nínú jàmọ́ọ̀ wa, tí ń ta ata àti ẹ̀lúbọ́, kó owó tí ó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá bá mi. Ó ní, “Àfáà, ta ni kí n san án fún?” Mo júwe ọkùnrin alágbàtà kan tí ó máa ń wá kí mi ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ó sì máa ń gbé ṣúgà àti àpò ìrẹsì wá ní oṣù Ààwẹ̀. N kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò béèrè irú físà tí yóò gbà. Owó tirẹ̀ kéré sí ti ìjọba, èyí sì dùn mọ́ wa nínú. Físà àbẹ̀wò ni ó gbà fún ìyá náà, kì í ṣe físà Hájì. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ó kó àwọn mẹ́sàn-án sínú yàrá kan, ó gba pàsípọ́ọ̀tù gbogbo wọn, ó sì ní kí wọ́n má ṣe yọjú sí títì kí ọlọ́pàá má baà rí wọn. Ọjọ́ Àráfà pé, kò sí ọkọ̀, kò sí àgọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ìyá náà ṣubú lójú ọ̀nà. Àwọn ará Íjíbítì kan ni wọ́n da omi sí i lórí kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Kò fi ẹsẹ̀ kan Àráfà rárá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Fíkíhì mọ ohun tí èyí jẹ́: Hájì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ó padà dé, kò bá mi wí. Ó mú dàbínù díẹ̀ wá fún mi, mo gbà á, ojú sì tì mí. Wọ́n ń pè é ní Àlàájà nínú ọjà, kì í dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ikú ni ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn. Ní oṣù Júùnù ọdún náà, oòrùn Mẹ́kà mú dé ìwọ̀n 51.8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Ìjọba Sàúdí fúnra rẹ̀ kéde pé ènìyàn 1,301 ni ó kú, àti pé 83 nínú 100 wọn ni kò ní ìwé àṣẹ Hájì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye yìí lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe pé oòrùn mọ ẹni tí ó ní ìwé. Ẹni tí ó ní ìwé ní àgọ́ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí, ó sì ní ọkọ̀ tí yóò gbé e láti Mínà lọ sí Àráfà. Ẹni tí kò ní ń fi ẹsẹ̀ rin nínú ooru, bí àìsàn bá sì dé sí i, ẹ̀rù ń bà á láti wá dókítà lọ.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àfáà bí tèmi pé ẹni tí ó bá kú sí ilẹ̀ mímọ́ ti rí oore gbà. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìwé tí a kà. Nínú Rísálà tí Ibn Abi Zayd ará Káírúwánì kọ, tí ọ̀pọ̀ wa kà ní ilé kéwú, agbára àtilọ sí Hájì kì í ṣe owó nìkan. Ọ̀nà tí kò léwu wà nínú rẹ̀, oúnjẹ tí yóò tó ni dé Mẹ́kà wà nínú rẹ̀, agbára àtidé ibẹ̀ àti àlàáfíà ara sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ rin gba ilẹ̀ Haúsá, Sháàdì àti Sùdáànì kọjá, ọlọ́ṣà àti òùngbẹ ni wọ́n ń bẹ̀rù lójú ọ̀nà. Lónìí, ẹni tí kò ní ìwé tí ó tọ́, ọ̀nà tirẹ̀ kò tíì là. Kò sí ìtìjú kankan nínú pé kí ó dúró de ọdún mìíràn, àfi bí ó bá jẹ́ pé orúkọ Àlàájì ni ó ń wá ní tirẹ̀ kí ọdún tó parí.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé Awólọ́wọ̀ ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà; láti ọdún 2006 ni òfin sì ti gbé àjọ NAHCON kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ yín wà, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí NAHCON fún ní àṣẹ sì wà. Ẹni tí kò bá sí nínú wọn, ẹ má ṣe kó owó fún un, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ẹ bi í pé, físà wo ni? Físà Úmúrà kì í ṣe físà Hájì, físà àbẹ̀wò kì í sì í ṣe é. Ẹ bi í nípa káàdì Nusuk tí ìjọba Sàúdí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn alálàájì ní ọdún 2024, nítorí òun ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ènìyàn wọ Mínà. Ní ọdún 2025, wọ́n kéde pé ẹni tí ó bá gbìyànjú Hájì láìní àṣẹ lè san ìtanràn tí ó tó 20,000 riyal, wọ́n sì lè lé àlejò tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ padà sílé, kí ó má sì wọ ilẹ̀ náà mọ́ fún ọdún 10.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ni ó tún kàn. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2018, ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan gba pápákọ̀ òfurufú Kánò lọ ṣe Úmúrà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àwọn kan lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ àpò tí kì í ṣe tirẹ̀, oògùn tramadol ni ó sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n mú un ní Mẹ̀dínà, ní ilẹ̀ tí ìdájọ́ ẹni tí ó kó oògùn olóró wọlé ti lè jẹ́ ikú. Kò jáde kúrò ní àhámọ́ títí di ìparí oṣù Épírì ọdún 2019, lẹ́yìn tí ìwádìí ti fi hàn pé kò mọ nǹkan kan nípa àpò náà. Nítorí náà, ẹ ka àpótí yín lójú ara yín, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ sì tọ́jú ìwé pélébé tí wọ́n bá fún yín. Bí àpótí bá jẹ́ méjì tí ìwé sì jẹ́ mẹ́ta, ẹ pariwo níbẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń lọ sí Dubai tàbí Guangzhou, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n máa ń bẹ̀ jù pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú nǹkan kékeré yìí dání.” Ẹni tí yóò bá bínú, ẹ jẹ́ kí ó bínú. Bí dókítà bá sì fún ènìyàn ní oògùn ìrora, ìwé dókítà náà ni kí ó kọ́kọ́ wọ inú àpò.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára yírunyírun, ibà pọ́njú àti rọpárọsẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ yóò sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà tí ó wà ní Jídà sí inú fóònù yín àti sí orí ìwé lásán pẹ̀lú, nítorí fóònù a máa kú.

Ẹ̀yin àfáà ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa ni a mọ̀ nípa èrè tí àwọn alágbàtà ń fún wa lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí a bá mú wá. Èmi ti dá ti èmi dúró. Ní mọ́ṣáláṣí wa nísinsìnyí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ka ìwé ìrìn-àjò fún ẹni tí ó ni ín ní èdè Yorùbá. Ìyá alátà wa ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í san owó díẹ̀díẹ̀, lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ní Jímọ̀ tí ó kọjá ó mú rìsíìtì rẹ̀ wá. Ó ní kí wọ́n kà á, ó ní kí wọ́n tún un kà, kí ó tó so ó mọ́ etí aṣọ.