Ilé Ọ́fíìsì Tí Kò Mọ̀ Pé A Ti Relé

Àwa tí à ń tọ́jú ilé ọ́fíìsì nílùú Èkó fẹ́ sọ ohun tí a gbà gbọ́, a ò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ.

A ti rí akọ̀wé tó wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan, tí ẹnìkejì rẹ̀ ní ìkángun yàrá kan náà sì ṣí fèrèsé nítorí ooru. Ẹ̀rọ kan ló ń fẹ́ sí àwọn méjèèjì lára. Tẹ́mósítáàtì ara ògiri ti kú tipẹ́, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn pé, “Ẹ má fọwọ́ kàn án.” Lọ́jọ́ Sátidé, àga òfìfo ni amúlétutù ń fẹ́ atẹ́gùn sí títí ilẹ̀ fi ṣú, torí aago tó ń darí rẹ̀ kò dá Sátidé mọ̀ yàtọ̀ sí Mọ́ńdè.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni máa làágùn. A ò sì ní gbà kí wọ́n di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́, nígbà tí swíìṣì odindi àjà kan wà nínú yàrá tí a tì pa.

Àtúnṣe ìdarí amúlétutù ló gbọ́dọ̀ ṣáájú jẹnẹrétọ̀ tuntun, kó ṣáájú sólà pàápàá. Ta ní ń pọnmi sínú ajere, tó wá ń wá korobá tó tóbi sí i? Owó iná sì ti wọ́n: yúníìtì iná tí kò tó náírà 70 fún àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí iná ọba ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ wọn, di náírà 225 ní oṣù Kẹrin 2024. Fáànù àtijọ́ inú amúlétutù mọ nǹkan méjì péré: kó sáré tete, tàbí kó dúró. Ẹ fún un ní ẹ̀rọ tó ń dín eré rẹ̀ kù. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá kúrò lára eré náà, iná tó ń jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì.

A kọ ẹ̀rọ ìdarí tó jẹ́ pé ẹni tó tà á nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Láti 1995 ni BACnet ti wà, èdè tí ẹ̀rọ oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Òun ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì gba pásíwọọ̀dù sọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Ẹ̀yin onílé, lálẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, tí ilé bá ti dá, ẹ bá wa lọ sídìí mítà. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, a ó ti mú irinṣẹ́ wa dání.