Bàálù Tí A Ń Wọ̀ Relé: Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Oldham, bí ọdún Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ méjì ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu wa: owó tíkẹ́ẹ̀tì àti kílò ẹrù. Èmi náà a máa bá wọn pariwo kílò. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan nínú wa bi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú léèrè pé: kọ̀ǹpútà inú bàálù yín ńkọ́, ta ló ń ṣọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Chadderton níbí ni Avro ti kan bàálù Lancaster nígbà ogun Hitler. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ferranti, tí òun náà ní ilé-iṣẹ́ ní Hollinwood, ló ṣe kọ̀ǹpútà Mark 1 fún Yunifásítì Manchester ní 1951. Lónìí, nǹkan méjèèjì ti di ọ̀kan.

Ní oṣù kìíní ọdún 2008, àjọ FAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ṣe Boeing 787 lè jẹ́ kí ìsopọ̀ wà láàárín kọ̀ǹpútà tí èrò ń lò àti èyí tó ń darí bàálù. Wọ́n pàṣẹ pé kí Boeing fi hàn pé ààbò wà. Ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe aláhesọ. Ní oṣù kẹrin 2015, GAO, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ìjọba wò fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, tún sọ ohun tí àwọn onímọ̀ sọ fún wọn: ògiri tó ya èrò sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀, ètò kọ̀ǹpútà ni òun náà, wọ́n sì lè já a bí wọ́n ṣe ń já ètò yòókù.

Ní 2019, ní Las Vegas, Ruben Santamarta ṣàlàyé àwọn àṣìṣe tó rí nínú ètò kọ̀ǹpútà 787, èyí tó bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí Boeing fúnra wọn fi í sí láì ti ilẹ̀kùn. Boeing ní kò séwu, pé ààbò mìíràn wà tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ibi tí a ti ń darí bàálù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Santamarta kò ní bàálù tí yóò fi dán an wò, ẹni tó sì ní bàálù ló ń sọ pé ká lọ sùn. Ta ni nínú wa tó máa ra ilé ní Royton láì mú ẹlòmíràn lọ yẹ òrùlé wò? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á ló máa gbà?

Àwọn kan á ní mò ń dẹ́rù bani. Rárá. A kò tíì gbọ́ pé olè orí kọ̀ǹpútà já bàálù èrò kankan lulẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹfà 2015 wọ́n kọlu kọ̀ǹpútà LOT ní Warsaw, nǹkan bí 1,400 èrò ló há síbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, wọ́n kọlu ètò Collins Aerospace tí wọ́n fi ń gba èrò wọlé. Ní Heathrow, Brussels àti Berlin, ó di ká máa fi ọwọ́ kọ orúkọ èrò. Heathrow yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wọ bàálù lọ sí Èkó, tàwa tọmọ.

Kí CAA níbí àti NCAA nílé sọ fún wa ta ni, yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe bàálù, ló yẹ ẹ́ wò. Kí wọ́n sì tún òfin Computer Misuse Act ti 1990 ṣe, òfin tí wọ́n kọ láì fi àyè ìgbèjà sílẹ̀ fún ẹni tó yọjú wo ilẹ̀kùn láti kìlọ̀ fún onílé. Mo ti kọ lẹ́tà sí aṣòfin wa ní Westminster. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé, kó tó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.