Ẹni Inú Géèmù àti Ọmọ Ilé-Kéú

Géèmù kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ The Sims, tí Will Wright ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, tó jáde lọ́dún 2000. Ẹni tó ń gbá a ni yóò dá ènìyàn inú rẹ̀, tí yóò kọ́lé fún un, tí yóò wáṣẹ́ fún un. Nínú ti àkọ́kọ́, àmì 25 péré ni a ó pín fún ìwà márùn-ún: ìmọ́tótó, ọ̀yàyà, jíjáfáfá, àwàdà àti inúure. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo irú ìwà 16 tí Isabel Briggs Myers àti ìyá rẹ̀ tò.

Èmi kò rí àléébù níbẹ̀, eré ni. Àwa olùkọ́ ni ẹjọ́ kàn. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi ní Orè níbí, tí mo pè ní ọ̀lẹ fún odindi ọdún kan, torí pé orí wàláà ló máa ń sùn sí. Ọjọ́ tí mo dé ilé wọn ni ìyá rẹ̀ sọ pé, “Alfa, ẹ má bínú, òun la jọ ń ta oúnjẹ fáwọn awakọ̀ lóru.” Ẹ sá mọ ọ̀nà Èkó sí Benin, kì í sùn.

Àmì mélòó ni kí n fún un fún jíjáfáfá? Mo bẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló ń wá kéwú báyìí.