Ìràwọ̀ Márùn-ún Tí Ẹ Fún Ọjà Tí Ẹ Ò Rà, Ẹ̀rí Èké Ni

Ọ̀rọ̀ òní lè korò díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bínú.

Ó ti di àṣà láàárín onígbàgbọ́ báyìí. Arábìnrin kan á ṣí ìsọ̀ góòlù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé líǹkì rẹ̀ sórí WhatsApp ìjọ: "Ẹ jẹ́ ká ti arábìnrin wa lẹ́yìn, ẹ fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti kọ ọ́ rẹpẹtẹ pé "ojúlówó ni, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó." Ta ló rà á nínú wọn? Tí ọ̀dọ́ ìjọ bá gbé fíìmù jáde, bákan náà ni. Fíìmù wákàtí méjì, kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bọ́ sórí YouTube, ẹ ti kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "mo wò ó dópin, mo sunkún." Ìgbà wo lẹ wò ó?

A mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Pásítọ̀, ìrànlọ́wọ́ lásán ni." Rárá o! Tí ẹnìkan bá jáde nínú ìjọ wá jẹ́rìí pé Olúwa wo òun sàn, tí a wá rí i pé kò ṣàìsàn rí, kí la máa pè é? Òpùrọ́ ni. Kí ló wá dé tí ẹ̀rí orí pẹpẹ fi jẹ́ ẹ̀rí, tí ẹ̀rí orí fóònù wá di eré? Òfin kẹsàn-án ò yọ ọjà sílẹ̀. Ìwé Deuteronomi orí 19 tiẹ̀ ní kí ibi tí ẹlẹ́rìí èké gbèrò sí ẹnìkejì rẹ̀ padà sórí òun fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa, góòlù kì í ṣe fáàrí nìkan, ohun ìpamọ́ ni. Tí owó ilé-ìwé bá dé tí ọwọ́ ò sì tó o, ẹ̀gbà ọrùn ni wọ́n á gbé lọ tà. Ẹ wá fojú inú wo obìnrin tó dá àjọ fún oṣù mẹ́wàá, tó gba ẹ̀rí yín gbọ́, tó fi owó náà ra góòlù. Lọ́jọ́ tí ìṣòro dé, alágbẹ̀dẹ góòlù yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ má bínú o, Màmá, idẹ ni. Wọ́n kàn fi góòlù bò ó lórí ni." Ẹ̀yin ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fà á lọ́wọ́ dé ìsọ̀ ẹni tó jà á lólè.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Góòlù tí ò lábùlà ni kárátì 24. Kárátì 18 túmọ̀ sí pé tí a bá pín in sí ọ̀nà 24, góòlù kó 18, ìyókù lè jẹ́ bàbà tàbí fàdákà. Òun ni wọ́n ń tẹ 750 sí lára. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì lè tẹ òǹtẹ̀ yẹn sára idẹ. Mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ sì ń gbé kiri, kì í fa góòlù, kì í fa idẹ, kì í fa bàbà, torí náà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín. Èyí tí wọ́n fi góòlù bò lórí, fẹ́lẹ́ ni góòlù ara rẹ̀. Òógùn àti lọ́fínńdà á máa jẹ ẹ́ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí idẹ á fi yọjú. Kò burú láti tà á, tí ọlọ́jà bá ti sọ ohun tó jẹ́, tó sì gba iye tó tọ́ sí i. Ẹni tó wá kọ ẹ̀rí lọ́jọ́ tí ẹrù dé, kí ló mọ̀? Dídán ló rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìràwọ̀ kan gbẹ̀san ńkọ́? Ọlọ́kadà pẹ́ kó tó gbé ẹrù dé, ẹ kọ ọ́ pé ayédèrú ni yẹtí. Ọ̀rọ̀ òṣèlú dá ìjà sáàárín ẹ̀yin àti òṣèré, ẹ ní fíìmù rẹ̀ ò dáa, ẹ ò sì wò ó. Ìwé Òwe orí 20 mọ irú oníbàárà tó ń bú ọjà níwájú ọlọ́jà, tó bá kúrò níbẹ̀ tán, á wá máa yangàn. Ẹ rántí pé èèyàn ń jẹun nínú ìsọ̀ yẹn o.

Ẹlòmíràn ní, "Gbogbo ayé ló ń ṣe é, ọjà ò ní tà láìsí i." A mọ̀ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Síbẹ̀, àwọn ìjọba ayé gan-an ti ń kọ̀ ọ́. Òfin àjọ FTC tó ka títa àti ríra review èké léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 2024. Ti Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní April 2025. Nílé níbí, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ò gba ọlọ́jà láyè kó fi irọ́ tan oníbàárà. Ṣé ìjọba ló wá yẹ kó máa kọ́ ìjọ Ọlọ́run ní òtítọ́ ni?

Ohun tí a ń sọ ò le. Tí ẹ ò bá rà á, ẹ má jẹ́rìí sí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni wọ́n fún yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún oṣù kan ó kéré tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ wo fíìmù dópin. Tí ẹ bá fẹ́ ran arábìnrin wa lọ́wọ́, ẹ fi owó yín ra ọjà rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ ọ́ pé "ará wa ni, ẹ yà síbẹ̀ wò." Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Tí ọjà bá bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ pè é ní kọ̀rọ̀. Tí kò bá dá yín lóhùn, ẹ kọ òtítọ́ síta, kódà kó jẹ́ díákónì.

Nínú gbogbo WhatsApp ìjọ wa, láti òní lọ, ẹ lè polówó ọjà. Ṣùgbọ́n a ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni máa tọrọ ìràwọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má tíì kọ "Àmín" sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ kọ́kọ́ lọ pa èyí tí kì í ṣe òtítọ́ rẹ́ níbi tí ẹ kọ ọ́ sí. Tí ẹ bá dé, ẹ wá kọ Àmín yín.