Kì í ṣe dọ́là nìkan ló ń kó àwọn oníkọ̀ǹpútà lọ

Bí ẹ bá bi ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Yaba ìdí táwọn tó ń bá a kọ kóòdù kì í fi í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó máa sọ: "Wọ́n ti jápa," tàbí "Òyìnbó ló ń san dọ́là fún wọn." Kò parọ́ o. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti ní kí náírà lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, iye náírà tí dọ́là kan ń mú wálé ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ta ni irú owó bẹ́ẹ̀ ò ní wọ̀ lójú?

Àmọ́ èmi tí mò ń kọ èyí ti fiṣẹ́ sílẹ̀ rí, mi ò sì tìtorí owó fi í sílẹ̀. Ibi tí mo lọ gan-an, owó oṣù wọn fi 50,000 náírà kéré sí ti ibi tí mo ti kúrò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, kóòdù tí mo gbé sórí áàpù wa dá owó tí àwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́ dúró fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Àṣìṣe mi ni, mi ò jiyàn. Kí n tó ráyè tún un ṣe, ọ̀gá wa ti kọ ọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà: "Ta ló gba ọmọ yìí síṣẹ́ gan-an?" Mo ń rí i pé wọ́n ń kà á. Ẹnì kan ò fèsì, ẹnì kan ò pè mí. Èmi nìkan ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di aago mẹ́ta òru, iná ti lọ, bátìrì ń tán lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ń kí mi bí ẹni tó ń kí aláìsàn tí àrùn rẹ̀ ń ràn.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Oṣù méjì ṣáájú, wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ mi kan. Èmi náà kà á, mo dákẹ́. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wa ní dọ́là ló gbé e lọ.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyí: nígbà tó bá ń lọ dáadáa, ẹnikẹ́ni kì í rí ẹ, ọjọ́ tó bá bàjẹ́, gbogbo ayé ló máa rí ẹ. Òru ló sì sábà máa ń bàjẹ́, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo wà nílé níwájú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá sì lọ ń gbé ohun tó mọ̀ lọ ni: ibi tí kóòdù ti máa ń dàrú, ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn tó kù, á sú àwọn náà, wọ́n á tún lọ.

Lọ́dún 1981, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ, James House, kọ ìwé lórí wàhálà ibi iṣẹ́. Ó pín àtìlẹ́yìn sí mẹ́rin: kí wọ́n bá ẹ kẹ́dùn, kí wọ́n bá ẹ gbé nínú iṣẹ́ náà, kí wọ́n là ẹ́ lọ́yẹ, kí wọ́n sì sọ fún ẹ bó o ṣe ń ṣe sí. Kò sí tẹ́nìsì orí tábìlì tàbí oúnjẹ ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Kò sì sí "ẹbí kan ni gbogbo wa níbí." Ẹbí tí kò lè pe èèyàn láago mẹ́ta òru, ẹbí wo nìyẹn?

Níbi tí mo wà báyìí, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀gá tó ń darí wa pè mí: "Má bẹ̀rù, jẹ́ ká jọ wò ó." Kò gbà wá ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Lọ́jọ́ kejì a jókòó. A ò béèrè ẹni tó ṣe é, ohun tó jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ la béèrè. Ọdún kẹta mi rèé níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi iṣẹ́ tó lówó jù ú lọ lọ̀ mí, mo ní ẹ ṣeun.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ dídùn la fi ń san owó ilé ni?" Rárá o. Bí owó oṣù ò bá tó wọkọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ rere tó lè dá èèyàn dúró. Àmọ́ ọ̀gá tó ní òun ò lágbára dọ́là, ṣé kò lágbára àtiyé bú èèyàn ní gbangba ni? Kó fi èèyàn méjì sí iṣẹ́ òru dípò ẹyọ kan. Kó fa ẹni tuntun lé ẹnì kan lọ́wọ́, kó sì dín iṣẹ́ onítọ̀hún kù kó lè ráyè gbọ́ tiẹ̀. Kó yé fi ẹni tó mọ kóòdù kọ jù ṣe ọ̀gá, bí kò bá mọ èèyàn lò.

Àwa òṣìṣẹ́ náà ńkọ́? Ènìyàn laṣọ mi, ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ń bú ẹnì kan lórí gúrúùpù, mi ò ní kẹ́ ẹ bá ọ̀gá jà. Ẹ ṣáà pe onítọ̀hún: "Ibo lo bá a dé? Jẹ́ kí n bá ẹ wò ó."

Ó tó ọdún mẹ́rin kí n tó pe ẹlẹgbẹ́ mi yẹn láti tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní níbi tí òun lọ, náírà náà ni wọ́n ń san.