Ìwé Kì í Ṣọ́ Oko

Ẹ̀yin ará Àgùdà tí ẹ ní oko ẹbí ní Ìjẹ̀bú, Oǹdó tàbí Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. A máa ń wí nípàdé ẹbí pé bí a bá ti wọn ilẹ̀, tí lọ́yà kọ ọ́ pé oko yìí kò gbọdọ̀ di ilé láéláé, tí gbogbo wa tọwọ́ bọ̀wé, ọkàn balẹ̀. Irọ́ gbáà ni.

Ẹ wo ara ògiri àdúgbò wa, níbi tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pé ilé yìí kò wà fún títà. Onílé tó ń wọlé tó ń jáde ni àwọn onígbájú-ẹ̀ ń sá fún, kì í ṣe ọ̀dà.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì lè gbà á padà fún àǹfààní ìlú. Bó bá gbà á, owó irè oko àti ilé tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń san, pẹ̀lú owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún náà. Iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́jà kò sí níbẹ̀. Oko tí ẹ wá fi sílẹ̀ fún igbó ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ kà níbẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ lè bá ìjọba tàbí ẹgbẹ́ aláàbò ilẹ̀ ṣe àdéhùn pé oko òun kò ní di ilé, àdéhùn náà á sì de ẹnikẹ́ni tó bá rà á lẹ́yìn rẹ̀. Àgbègbè Suffolk ní New York ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láti ọdún 1974. Síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ ń lọ wo ilẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń fi í wé àwòrán ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì ń tọ́jú owó ẹjọ́ pamọ́. Ẹni tó ra oko lọ́wọ́ ẹni tó ṣe àdéhùn ló sábà máa ń dán an wò.

Ẹ má lọ jìnnà. Èèwọ̀ ni igi gígé, ọdẹ àti ẹja pípa nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àmọ́ láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, torí ojúbọ ti di àpatì. Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn olùsìn ló dìde, tí wọ́n tún ojúbọ kọ́, tí wọ́n kọ̀ fún apagi. Ọdún 1965 ni ìjọba tó fòfin dáàbò bo apá kan rẹ̀. Ọdún 1992 ni òfin náà tó kan gbogbo hẹ́kítà 75. UNESCO fi í sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Èèyàn ló ṣáájú, ìwé ló tẹ̀ lé e.

Àwọn kan á ní ọmọ onílẹ̀ ni ọ̀tá. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí gan-an náà máa ń ta ilẹ̀. Bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ tà, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, àmọ́ ẹbí tó bá dákẹ́ títí ẹni tó rà á fi kọ́lé tán lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, kí ìpàdé tọdún yìí tó tú ká, ẹ yan àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan tí yóò máa rìn yí ààlà ká lọ́dọọdún, láti ìdí pèrègún dé ìdí òkúta àwọn awọnlẹ̀. Ẹ dá owó ọkọ̀ wọn. Ẹ fi oko lé ẹni tí yóò dá a lọ́wọ́. Kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé tí lọ́yà kọ náà gan-an.