Bí A Ṣe Lè Mọ Àìsàn Kílọ́ọ̀ṣì Mọ́tò

Ọ̀rọ̀ ìsebẹ̀ kọ́ ni a ó jọ sọ lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tí ẹ sì fi ń ti ọjà bọ̀, ni. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní ni ó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí a ń fi ọwọ́ yí jíà wọn kò tíì tán nílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo ń gun òkè Mápó ní Ìbàdàn. Ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn mi, àpò gàrí sì wà nínú búùtù. Mo tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké gan-an, ṣùgbọ́n mọ́tò kò lọ síwájú. Òórùn ohun tí ń jóná gba inú ọkọ̀ kan. Kí n tó mọ ohun tí n ó ṣe, a ti ń yí padà sẹ́yìn. Ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì ọwọ́. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n lọ wá owó òmíràn. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, kí àgbà mẹkáníìkì kan tó wa mọ́tò náà wò. Ó ní: "Ìyá, kò sí ohun tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì yín. Kílọ́ọ̀ṣì ni ó jẹ tán." Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní fi àìmọ̀ mi jẹun mọ́.

Kí ni kílọ́ọ̀ṣì gan-an? Ẹ fi ojú inú wo àwo pẹrẹsẹ kan láàrin ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà. Irin kan tí ó ní sípíríǹgì ni ó ń tẹ àwo yìí mọ́ irin ńlá tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá dì mọ́ra, agbára ẹ́ńjìnnì ń dé ọ̀dọ̀ táyà. Nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tú wọn sílẹ̀ kí ẹ lè yí jíà. Nítorí náà, àìsàn méjì ni ó wọ́pọ̀ jù: kí ó má lè dì mọ́ra, tàbí kí ó má lè tú.

Bí kò bá dì mọ́ra, ohùn ẹ́ńjìnnì yóò máa ga ṣùgbọ́n eré mọ́tò kò ní pọ̀ sí i, pàápàá lórí òkè tàbí nígbà tí ẹrù bá wúwo. Láti dán an wò, ẹ kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wà ní ibi tí ó tẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má sì wà níwájú. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ gírígírí, ẹ fi jíà sí ẹ̀kẹta, ẹ tẹ tọ́rọ́tù díẹ̀, kí ẹ sì rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dára, ẹ́ńjìnnì yóò kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ tí mọ́tò kò sì mira, ó ti ń yọ̀. Ẹ pa á kíákíá, ẹ má ṣe tún un ṣe lemọ́lemọ́, nítorí ooru rẹ̀ ń ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ó lè jẹ́ pé àwo náà ti jẹ, tàbí pé epo ta sí i, tàbí pé wáyà rẹ̀ le jù.

Bí kò bá tú, jíà yóò ṣòro láti wọlé, yóò sì máa ha, pàápàá jíà ẹ̀yìn. Kí ẹ tó dá àpótí jíà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Bí tiyín bá jẹ́ ti olóròóró, kí ó wò ó bóyá òróró ti lọ sílẹ̀ tàbí ó ń jò. Bí ẹsẹ̀ bá wọlẹ̀ láìsí agbára, òróró tí ń jò tàbí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ fura sí.

Ariwo ńkọ́? Bí ó bá ń dún kìkì nígbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárín rẹ̀ ni ó ń sunkún. Bí ó bá ń dún nígbà tí jíà wà ní fírì tí ẹsẹ̀ yín sì wà nílẹ̀, tí ó sì dákẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, inú àpótí jíà ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí mọ́tò bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ ní kí wọ́n wo síìtì ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni ó ń fà á.

Bí wọ́n bá sọ àpótí jíà kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ àwo, irin tí ń tẹ̀ ẹ́ àti bíárín pa pọ̀, kí ẹ má baà san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí wọ́n kó àwọn ti àtijọ́ fún yín.

Ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì bí ẹ kò bá fẹ́ yí jíà, ẹ má sì fi í dá mọ́tò dúró lórí òkè. Bíréèkì ni ó ni iṣẹ́ náà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìgbà tí kílọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ yọ̀ ni kí ẹ wá a sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ó má baà jẹ́ orí òkè, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ni yóò ti já yín kulẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.